Wáyà Mẹ́rin, Lèmọ́ọ̀mù Kan

Ìwà ọmọlúàbí ni mo fẹ́ hù. Mo sọ ọ́ síwájú kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìyókù lè rò pé ìkà ni mí. Ní ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹnikẹ́ni kì í wo ojú àgbà kó ní, "Ẹ ti ṣì í." A lè sọ pé, "Bóyá ká tún un wò." A lè wúkọ́. A lè dìde níbẹ̀ ká lọ sọ ọ́ fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ká là á mọ́lẹ̀ pé àgbà ṣàṣìṣe, ọmọ ta ni ọ́? Ẹ̀kọ́ ilé yìí, tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi, ni mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé àbúrò bàbá mi kúrò níwájú àwọn tó ń kírun, lórí ọ̀rọ̀ wáyà plọ́ọ̀gì mẹ́rin.

Àbúrò bàbá mi yìí ló tọ́ mi dàgbà. Bàbá ni gbogbo ilé ń pè é, èmi náà ò sì pè é ní nǹkan mìíràn rí. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Rewáyà ni nígbà tó lágbára, ìyẹn àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, Bẹẹrẹ ni ìdí iṣẹ́ rẹ̀ wà, àwọn onítakisí tó ti darúgbó láàárín ibẹ̀ sí Mápó ṣì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un lójú títì. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun ni lèmọ́ọ̀mù ràtíbì ilé wa, mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí kò gbà ju èèyàn méjìlá lọ, tí òrùlé rẹ̀ ń jò sórí ladani nìkan. Ìrun márààrún ló ń ṣíwájú wa kí. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá ní láyé, ààyè ẹsẹ̀ méjì yẹn níwájú wa ló fẹ́ràn jù.

Bàbá mi tó bí mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ló ni ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ eré ni, pupa, kò lórùlé, èèyàn méjì péré ló ń gbà, ó sì kúrú débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ lè na ọwọ́ kan títì. Òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló tà á fún un. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá mi ní, ìjókòó kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹ fúnra yín ro bí àárọ̀ ọjọ́ Iléyá ṣe máa ń rí. Nígbà tó kú, wọ́n ti ọkọ̀ sábẹ́ tapólì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Adìẹ yé sínú rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ń sá ata lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n ní ata tí wọ́n bá sá síbẹ̀ máa ń tètè gbẹ. Ìyìn kan ṣoṣo tí ọkọ̀ náà gbà fún nǹkan bí ogún ọdún nìyẹn.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo ní àkókò, mo ní fóònù, mo sì ní ìgboyà ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Mo ní ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ jí kó tó di Iléyá, kí n fi gbé Bàbá lọ sí Yídì. Mo pe ọkọ àbúrò mi obìnrin, mẹkáníìkì ni ní Ọ̀rányàn, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ó fọ kábúrétọ̀, ó fọ táǹkì, ó gbé bátìrì tuntun sí i. Nígbà tó kan wáyà plọ́ọ̀gì, a rí i pé eku ti jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Bàbá ti dìde lórí àga rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan wáyà nínú ilé tí òun wà.

Wáyà mẹ́rin ni. Ìdérí dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tó ní ojú mẹ́rin. Ojú kọ̀ọ̀kan ló ń gba wáyà kan, wáyà kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé iná lọ bá plọ́ọ̀gì tirẹ̀. Tí iná bá dé lásìkò, ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́. Tí wáyà bá wà lójú tí kì í ṣe tirẹ̀, iná á dé nígbà tí ẹnikẹ́ni ò retí rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa wúkọ́ lásán.

Bàbá kọ́kọ́ dán àwọn wáyà tuntun wò. Á di ẹnu wáyà mú pẹ̀lú àkísà gbígbẹ, á gbé e sún mọ́ irin, á ní kí n yí kọ́kọ́rọ́. Tí iná funfun bá fò pá, á ní, "Ó gbé iná." Ohun tó ń sọ nìyẹn nígbà mẹ́ta. Ti ẹ̀kẹrin ò fò. Ó yí wáyà náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó gbé e fún mi. Ó ní, "Èyí dára lójú, ṣùgbọ́n ó dákẹ́. Ẹ lọ pààrọ̀ rẹ̀." A pààrọ̀ rẹ̀, ó sì tò wọ́n sójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ṣìnà.

Òfin iṣẹ́ kan wà tí Bàbá ò yẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà ní Bẹẹrẹ. Tó bá parí iṣẹ́ ọkọ̀, kì í tan án lójú ẹsẹ̀. Á fọ ọwọ́, á ṣe àlùwàlá, á lọ kírun tó bá kàn, lẹ́yìn náà ló máa padà wá ní kí wọ́n ka Bìsìmílà kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ìkánjú tan máa ń fi ìkánjú kú. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ladani ṣe pe ìrun Alásàrí, Bàbá nu ọwọ́, ó bọ́ sí mọ́ṣáláṣí.

Àna mi sún mọ́ mi, ó mú fóònù jáde.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan." Àwòrán ìdérí dúdú yẹn ló wà lójú fóònù, wọ́n kọ nọ́ńbà sójú kọ̀ọ̀kan. "Ojú tó kọjú sí awakọ̀ ni wáyà kìíní yẹ kó wọ̀. Òdìkejì ni Bàbá fi sí. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yí."

"Tí wọ́n bá dé, ẹ sọ fún wọn."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó lọ gbá Bàbá létí. "Èmi kẹ̀? Èmi tí mo fẹ́ ọmọ wọn? Ẹ̀yin lọmọ ilé, ẹ sọ ọ́."

"Kí n wá sọ kí ni? Pé rewáyà Bẹẹrẹ ò mọ wáyà tò mọ́?"

A wo ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Lẹ́yìn náà a yí wọn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. A fi wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí bí fóònù ṣe wí, a sì nu ìka ọwọ́ wa kúrò lára ìdérí náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn tó kù nínú ilé wà lẹ́yìn Bàbá níbi tí wọ́n ti ń kírun. Àwa méjèèjì pa ìrun jámáà jẹ kí a lè bọ̀wọ̀ fún lèmọ́ọ̀mù.

Bàbá dé, ó ka Bìsìmílà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó wá yìn bí ìbọn. Adìẹ fò sórí odi. Ìyàwó ilé kan tó wà nídìí kànga ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ata ló yẹ nǹkan yìí. Bàbá tẹrí sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo àwọn wáyà, ó pẹ́ kó tó gbé orí sókè.

Ó ní, "Ó di ọ̀la."

Lọ́jọ́ kejì ó tú wọn, ó tún wọn tò, ó sì fi wáyà kìíní sí òdìkejì bíi ti àná. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo sọ fún ara mi pé àgbà ti dé. Bó ṣe wọ mọ́ṣáláṣí, a tún yí wọn. Ọkọ̀ tún yìnbọn. Àna mi ní ó lè jẹ́ pé omi wọnú epo. Ó fa epo dà nù. Ó ní ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì; ó yọ plọ́ọ̀gì, ó fọ̀ ọ́. Kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa pé fóònù ló lè má mọ ọkọ̀ yìí. Bàbá fi iṣẹ́ wáyà tọ́ ọmọ dàgbà, ó fi kọ́lé, àwa sì gba àwòrán kan tí a ò mọ ẹni tó yà á gbọ́ jù ú lọ.

Lọ́jọ́ yẹn ni Bàbá bi mí léèrè. Kò wo ojú mi, wáyà ló ń wò.

"Ṣé ẹ fọwọ́ kan ibí yìí ni?"

"Rárá, sà. Ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó rò ó. Mo tiẹ̀ rò pé ìdáhùn tó dára ni, ó ní ọ̀wọ̀ nínú.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá mú ṣọ́ọ̀kì funfun jáde nínú àpò. Lẹ́yìn tó ti tò wọ́n tán, ó fa ìlà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó fi wáyà kìíní sí, ó fa òmíràn sára wáyà náà. Ó lọ kírun. A yí wọn, a wá rí i pé ìlà ṣọ́ọ̀kì máa fi wá hàn. Àna mi tu itọ́ sí àkísà, ó pa ìlà rẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì tí Bàbá fi sílẹ̀, ó sì fa tuntun sójú tí wáyà kìíní wà báyìí, ó rí bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́. Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí tí mò ń ṣọ́ ọ. Kí n má purọ́, orí mi wú nípa ọgbọ́n tí a dá. Mo ní, wò ó, Bàbá ò ní mọ̀, ojú ò ní tì í.

Bàbá dé, ó rí ṣọ́ọ̀kì. Ó fi ìka kàn án. Kò ní ká tan ọkọ̀. Ó kàn wọlé lọ.

Ní Alámísì, ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ránṣẹ́ pè mí sí yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Bàbá rẹ ò jẹun. Ó ń kí ìrun kan lẹ́ẹ̀méjì. Ó máa kí Àyìlá tán, á jókòó, á ní kò dá òun lójú pé mẹ́rin lòun kí, á tún dìde. Mo ní kí ló dé. Ó ní orí òun ti ń tú. Ó ní òun ń fi nǹkan síbì kan, òun ń bá a níbòmíì. Ó ní òun fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ṣọ́ọ̀kì náà tún ṣí." Ó fi ìborí nu ojú. "Ó ní lọ́la, tí ẹ bá ti Jímọ̀ dé láti Ọjà'ba, òun máa kó ilé jọ, òun máa fi ràtíbì lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ó ní lèmọ́ọ̀mù tí kò mọ wáyà tó ti tò, báwo ló ṣe máa mọ rákà tó ti kí?"

Mo jáde síta, mo pe àna mi sórí fóònù, mo rò ó fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bo àṣírí mi. Àna ni mí."

Mo ní mo gbọ́. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo fi ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ́ láìsọ ọ́. Mo rò ó pé kí n ní eku ló yí wáyà. Mo rò ó pé kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá. Bó bá tiẹ̀ fi ràtíbì sílẹ̀, ó ti dàgbà, kó sinmi. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n lọ ra bùrẹ́dì fún un. Ó yà mí lẹ́nu bí èèyàn ṣe lè jẹ́ ojo tó nígbà tó bá ń pe ara rẹ̀ ní ọmọlúàbí.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo bá a nídìí ọkọ̀. Ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti tún àwọn wáyà tò sí bó ṣe ń tò wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn mi.

"Bàbá, orí yín pé. Àwa la ń yí i."

"Ẹ ń yí kí ni?"

"Wáyà, sà. Tí ẹ bá ti lọ kírun. Ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Àwa náà ni."

"Ìwọ àti ta ni?"

Mo rántí àna mi. "Èmi nìkan ni, sà."

"O ní 'àwa' lẹ́ẹ̀kan."

"Èmi ni, sà."

Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti jókòó sí etí ilẹ̀kùn ọkọ̀, omi sì dà lójú rẹ̀ sínú irùngbọ̀n. N ò rí i kó sunkún rí, àní nígbà tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá.

Ó ní, "Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú mi lọ kí n tó gbàgbé Fátíà."

Ojú tì mí. Ó dùn mí dé egungun. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bẹ̀ ẹ́, títí ó fi ní kí n dìde, pé mò ń dọ̀tí ẹ̀wù Jímọ̀.

"Tan án," ó ní.

Mo ní, "Ẹ ò tíì kírun."

"Mo ti kí Àsùbáà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ yìí. Tan án."

Mo ka Bìsìmílà, mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ́ńjìnnì gbà, ó dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ láìwúkọ́, kànga, odi àti adìẹ gbogbo ń gbọ̀n. Àwọn ìyàwó ilé jáde wá wò ó. Bàbá fi ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó di ojú, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn èèyàn rẹ̀ kan tó ti pẹ́ lẹ́yìn odi.

Nígbà tí mo pa á, ó là á yé mi. Nígbà tí bàbá mi ṣì ń wa ọkọ̀ náà, òun yọ irin tó gbé ìdérí dúdú yẹn láti fọ̀ ọ́, nígbà tí òun sì dá a padà, òun fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Ìgbà tí òun ti dì í tán lòun rí i. Dípò kí òun tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, òun kàn gbé wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí òdìkejì ojú wọn, ọkọ̀ sì ṣiṣẹ́ títí bàbá mi fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni òdìkejì ṣe di ojú gidi nínú ọkọ̀ yìí.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Tí lèmọ́ọ̀mù bá ṣì ìrun kí, kí lẹ ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀?"

"A máa ń ní Sùbúhánálláhì."

"Ṣé ìwọ̀sí ni?"

"Rárá, sà."

"Àwọn tó kọ́ wa nírun mọ̀ pé àgbà lè ṣì í. Wọ́n sì ti fi ohun tí ọmọdé máa sọ lé e lẹ́nu. O ń gbọ́ ọ láti kékeré. Kí ló ṣe ọ́ tí o ò lè sọ ọ́ nídìí wáyà?"

Mo ṣì ń wá ìdáhùn rẹ̀.

Kò sí ìpàdé lẹ́yìn Jímọ̀. Ọkọ̀ pupa ni mo fi gbé e ti Ọjà'ba dé, ó wé láwàní, ó di ilẹ̀kùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, àwọn ọlọ́kadà ń kí i ní òkè Mápó bí ẹni pé òun ló kọ́ gbọ̀ngàn tó wà níbẹ̀. Àna mi dúró dè wá nílé. Ó ti gbọ́ pé mo ti jẹ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, Bàbá sì ní kó dìde, pé òun gbọ́ pé kò mọ nǹkan kan nípa ṣọ́ọ̀kì.

Nígbà tó di Alásàrí, àwa méje la tò sẹ́yìn Bàbá, èmi àti àna mi pẹ̀lú, níwọ̀n ìgbà tí kò sí wáyà tí a fẹ́ yí. Ohùn rẹ̀ já geere bó ṣe ń ní Alláàhù Akíbárù. Ó kí rákà kìíní, ó kí ìkejì, ó jókòó, ó dìde. Ó kí ìkẹta. Lẹ́yìn ìforíkanlẹ̀ rẹ̀, dípò kó dìde sí ìkẹrin, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtáyà bí ẹni tó fẹ́ parí ìrun.

Gbogbo wa la mọ̀. Àna mi wúkọ́. Ẹnì kan wúkọ́ tẹ̀ lé e. Bàbá ń ka àtáyà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Mo ń retí kí ẹni tó dàgbà jù mí lọ sọ ọ́, títí mo fi rántí pé kò sí ẹni tó dàgbà jù mí lọ níbẹ̀ àfi òun.

"Sùbúhánálláhì," mo ní.

Bàbá dákẹ́. Ó dìde, ó kí rákà tó kù, ó fi orí kanlẹ̀ fún ìgbàgbé, ó sálámà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí wa.

"Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Bàbá."

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti òpin kan dé èkejì. "Ẹ̀yin méje," ó ní. "Wáyà kan ló gbé iná."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tó ń sọ. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí n rò pé ńṣe ló dán wa wò. Ṣùgbọ́n mo mọ Bàbá. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run bíi tirẹ̀ kì í fi rákà ṣeré.

N ò tíì bi í léèrè bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo ń dúró sí, mo sì ń bá a ka rákà.